Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè ká àrùn tó ń ràn mọ́ kí ó tó kárí kíláàsì

Ní ọdún 2020, lásìkò Kòrónà, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu géètì ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti gbẹ báyìí. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ ya ọ̀lẹ. Wọ́n gbé e síbẹ̀ láì ṣètò ẹni tí yóò máa pọn omi sí i, ibi tí owó ọṣẹ yóò ti máa wá, àti ibi tí omi ìdọ̀tí yóò máa ṣàn sí. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bẹ́ẹ̀, àwọn àrùn yìí ò lọ síbì kankan. Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ń bá ọyẹ́ dé. Èèyi àti yírunyírun (meningitis) fẹ́ràn àkókò ọ̀gbẹlẹ̀. Bí òjò bá ti ń ro, tí omi ìdọ̀tí ń ya wọ kànga, kí a máa ṣọ́ onígbá méjì. Àpólò, àrùn ojú pípọ́n, ní tirẹ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Àwọn HM, prìnsípà, tíṣà àti ẹgbẹ́ òbí-àti-olùkọ́ la kọ èyí fún, pàápàá àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò ní nọ́ọ̀sì, tí kò sì ní owó rẹpẹtẹ.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Àrùn kì í kárí ilé-ẹ̀kọ́ lójijì. Ọmọ kan ló kọ́kọ́ máa ń ní in, yóò di méjì, yóò di mẹ́ta, kó tó di ìdajì kíláàsì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń ka àwọn ọmọ tí kò wá, tó sì ń béèrè ìdí, yóò rí i nígbà tó ṣì wà ní mẹ́ta. Nítorí náà, kí ẹ tó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ ra ìwé.

Ìwé kan, bírò kan

Rẹ́jísítà kíláàsì ń sọ ẹni tí kò wá fún wa, ṣùgbọ́n kì í sọ ìdí. Ẹ wá ìwé elẹ́yìn líle kan sí ọ́fíìsì, kí ẹ fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà: ọjọ́ òní, orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti kíláàsì tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀nà ìkẹfà yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ilé ni àrùn ti ń fò láti kíláàsì kan sí òmíràn: ọmọ Pírámárì 2 ń sùn lórí ẹní kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Pírámárì 5. Bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n jókòó sí, ẹ ti mọ kíláàsì tó kàn.

Kí tíṣà kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àwọn tí kò wá lọ sí ọ́fíìsì kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹnìkan pàtó ni kó máa kọ ọ́, kí igbákejì rẹ̀ sì wà fún ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣe, kò sẹ́ni tí yóò ṣe é.

Ibi tí ìwé yìí ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n kàn máa kọ "ara rẹ̀ ò yá" sínú rẹ̀. Ìyẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ohun tí ojú rí: ojú pọ́n, ó ń bì, ó ń gbẹ́ gbuuru ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀, ara sú, ọrùn le. "Ibà" náà kò tó. Níbí, gbogbo ara gbígbóná ni òbí ń pè ní ibà, ibà ẹ̀fọn ni wọ́n sì máa ń ní lọ́kàn. Nígbà tí ìyá bá ní ibà ló ń ṣe ọmọ, ẹ bi í léèrè síwájú sí i: ṣé ara rẹ̀ sú? Ṣé ó ń wúkọ́? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n? Èèyi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná, ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ojú pípọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ara tó sú. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń pè é ní ibà yẹn, ó ti ń ràn.

Òdiwọ̀n tí a máa ń gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nímọ̀ràn láti lò nìyí: bí ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì kan bá ní àmì kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín. Àmọ́ àwọn àmì kan wà tí ọmọ kan ṣoṣo ti tó láti gbé fóònù. Ara gbígbóná pẹ̀lú ara sísú. Ìgbẹ́ omi tó ń tú yàà láì dúró. Ọrùn líle pẹ̀lú orí fífọ́ àti ara gbígbóná. Ọ̀fun tó ní ohun funfun tàbí eléérú tó bò ó bí awọ, tí ọrùn sì wú. Èyí lè jẹ́ diphtheria, ó sì lè dí èémí ọmọ.

Ìwé náà kì í ṣe ti gbogbo ayé. Inú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó máa gbé. Ẹ má ṣe dárúkọ ọmọ tó ń ṣàìsàn ní àsẹ́ńbílì láé. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àìsàn, òbí rẹ̀ yóò fi ìkejì pamọ́, ibẹ̀ ni ìwé yín ti kú.

Lẹ́nu géètì

Tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ojú, imú, awọ àti bí ọmọ ṣe ń rìn, kó sì ya ẹni tí kò rí bó ṣe yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní tẹmómítà tí wọ́n ń nà síwájú orí, 38°C sókè ni ara gbígbóná. Ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ yìí ń ṣini lọ́nà. Ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn láti ọ̀nà jíjìn lè ga ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó jókòó sórí ọ̀kadà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lójú lè relẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níbòji fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún un wò.

Níbo ni ọmọ tí ẹ yà sọ́tọ̀ yóò jókòó? Bẹ́ńṣì kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí tíṣà sì lè rí i, dára ju yàrá àwọn olùkọ́ tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí lọ. Kí garawa tó ní ìdérí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá fẹ́ bì, pẹ̀lú omi mímu nínú ife tirẹ̀. Ẹ má ṣe dá a padà sílé ní òun nìkan, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà láìsí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Bí ìyá bá wà nínú ariwo Ọjà Ọba, kò ní gbọ́ fóònù. Nọ́ńbà kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó lè wá mú ọmọ: àǹtí, ìyá àgbà, tàbí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí. Ẹ pè é wò lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, nítorí nọ́ńbà tí kò lọ kì í hàn títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni kí ọmọ fi wà nílé?

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń béèrè jù nìyí, ìdáhùn rẹ̀ sì yàtọ̀ láti àrùn dé àrùn.

Èèyi, tí wọ́n ń pè ní measles nílé ìwòsàn: kí ó tó ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tí ara kọ́kọ́ sú. Ó ti ń ràn láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà àwọn tó bá a jókòó ti wà nínú ewu kí ẹ tó mọ̀. Chicken pox: títí gbogbo èyí tó lé ròrò lára rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò sì di èépá, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan tó ní omi. Ségede: ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì: wákàtí 48 lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn. Ọ̀fìnkìn tó gbóná pẹ̀lú ikọ́: wákàtí 24 lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ láì lo oògùn tó ń mú ara tutù. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Òbí tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lè fún ọmọ ní parasítámọ́ọ̀lù láago mẹ́fà, ara yóò tutù dé géètì, yóò sì tún gbóná kí ó tó di àkókò bíréèkì.

Làpálàpá kò yẹ kó dá ọmọ dúró sílé rárá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, kí wọ́n fi aṣọ bo ojú ibẹ̀, kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá a lo fìlà, kóòmù tàbí tówẹ̀lì. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń fi abẹ kan gé irun ọmọ mẹ́wàá pẹ̀lú.

Omi, ọṣẹ, àti ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe

Ká ní kíláàsì kan ní ọgọ́ta ọmọ, táàpù sì jẹ́ ẹyọ kan. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá lo ìdajì ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kíláàsì yẹn yóò fi fọwọ́. Àkókò oúnjẹ ti tán. Ìdí gan-an nìyí tí àwọn ọmọ fi ń sá kọjá bọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe oríkunkun. Bí ẹ bá ní táàpù mẹ́rin, ìṣẹ́jú méje àti ààbọ̀ ti tó. Nítorí náà, ẹ má ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó lẹ́wà. Ẹ so páìpù PVC kan mọ́ táńkì, kí ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi táàpù mẹ́rin sí márùn-ún sí ara rẹ̀. Kí ìpẹ̀kun páìpù ní ìdérí tó ṣeé tú, torí iyanrìn yóò dí i bó pẹ́ bó yá.

Omi mélòó? Bí táàpù bá ń sun díẹ̀díẹ̀, ìdajì lítà tó ọmọ kan láti fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ tó ń fọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ yóò lo 450 lítà, èyí tó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìdínlógún. Ẹ fi ìṣirò yìí lọ ẹgbẹ́ òbí-àti-olùkọ́. Wọn yóò rí i pé ọmọ tí wọ́n rán láti pọn omi láàárọ̀ kò lè pọn ọ́n tó, pé táńkì àti bóhóòlù, tàbí ẹni tí ń gbé omi wá tí wọ́n ń sanwó fún, ló lè gbé e.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Táàpù tí wọ́n gbé sókè fún Pírámárì 6 kò wúlò fún ọmọ Nọ́sìrì: omi yóò máa ṣàn gba apá rẹ̀ wọ abíyá, aṣọ yóò rẹ, kò sì ní fẹ́ padà síbẹ̀. Kí táàpù wà ní déédéé ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tó ń lò ó.

Bí ọṣẹ bá ń sọnù, ẹ yé fi ọṣẹ olódidi síta. Ẹ po 30 gíráàmù ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun mọ́ lítà kan àti ààbọ̀ omi, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta tó jẹ́ 50cl. Ẹ dà á sínú ike, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré kan tàbí méjì sí ìdérí rẹ̀, kí ẹ so ike náà mọ́ òpó. Ọmọ yóò tẹ̀ ẹ́, ọṣẹ yóò tọ́ jáde. Kò náni lówó, kò sì sẹ́ni tí yóò jí i lọ sílé.

Níbi tí kò sí táàpù rárá, kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún ṣe é lò. Ẹ ri igi oníga méjì mọ́lẹ̀, kí ẹ fi igi kan dábùú wọn, kí ẹ ki igi àárín yìí bọ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ lu ihò kan sí i nítòsí ọrùn, níwájú. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí ìdí okùn kan igi kan nílẹ̀ tí ọmọ yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni kẹ́ẹ̀gì yóò máa tẹ̀ síwájú tí omi yóò máa jáde. Ọwọ́ kò kan nǹkankan, èyí sì sàn ju táàpù tí gbogbo ọwọ́ ìdọ̀tí ti dì mú lọ. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ibẹ̀ má baà di ẹrẹ̀ tí ẹ̀fọn yóò máa yé ẹyin sí.

Ní ti fífọ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ ra ọwọ́ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn ọmọ ò ní aago, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún, ó ti tó. Ẹ fi ojú wọn rí i lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. Ẹ lọ èédú kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ òróró díẹ̀, kí ẹ fi pa ọwọ́ ọmọ márùn-ún. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí àwọn ẹgbẹ́ wọn wò. Àtẹ́lẹwọ́ yóò mọ́, ṣùgbọ́n dúdú yóò wà ní ẹ̀yìn àtàǹpàkò, láàárín ìka, àti lábẹ́ èékánná. Ibẹ̀ náà ni kòkòrò àrùn ń kù sí. Lóòótọ́ ìlú aró ni wá, ṣùgbọ́n ẹ má lo aró fún èyí. Aró kì í ṣí lára bọ̀rọ̀, ọmọ yóò rò pé fífọwọ́ ò wúlò.

Ìgbà mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ fò: lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n tó jẹun, àti bí wọ́n bá ti wọ géètì. Bí omi bá kéré lọ́jọ́ kan, ẹ fi ti géètì sílẹ̀, kí ẹ di méjì tó kù mú.

Nígbà tí ọmọ bá bì nínú kíláàsì

Èyí ni wọ́n ń ṣe ní ìṣekúṣe jù. Wọn yóò da Izal lé èébì lórí, wọn yóò fi mọ́ọ̀pù gbá a káàkiri ilẹ̀, wọn yóò sì fi mọ́ọ̀pù yẹn kan náà nu kíláàsì kejì.

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹni tí yóò palẹ̀ mọ́ kó wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí, kó fi ọ̀rá méjì bọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ da iyanrìn tàbí eérú lé e kí ó mu omi rẹ̀. Ẹ fi páálí kó o, láti etí wá sí àárín, sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ jù ú sí ṣáláńgá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ ó tó da omi Jik, ìyẹn bílíìsì tí a pò mọ́ omi, sí i, tí ẹ ó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún. Bí ìdọ̀tí bá ṣì wà nílẹ̀, orí ìdọ̀tí ni agbára Jik yóò parí sí, kòkòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò yè é.

Ẹ wo ara ike kí ẹ tó pò ó. Bí wọ́n bá kọ sodium hypochlorite 3.5% síbẹ̀, ife Jik tàbí Hypo kan sí ife omi mẹ́fà ni omi líle, ti èébì, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ 5%, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án. Láti nu tábìlì, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti táàpù lójoojúmọ́, ẹ mú ife kan nínú omi líle yẹn, kí ẹ tún fi ife omi mẹ́rin là á. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí Jik tẹ̀lé e, kó má baà ta sójú. Ẹ po tuntun láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó sùn mọ́jú, tàbí tí oòrùn pa, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ ásíìdì ìfọlé ìgbọ̀nsẹ̀, Izal tàbí oògùn ìfọlẹ̀ èyíkéyìí mìíràn, ẹ má sì dà á sórí ìtọ̀ nínú ilé tí kò ní atẹ́gùn. Èéfín tó máa ń tibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ọwọ́ àwọn ọmọ má tó o.

Fèrèsé

Ẹ ṣí i, ní ọ̀tún àti ní òsì, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Kòkòrò èèyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ọmọ tó ní in ti jáde. Àkókò ọyẹ́ ni ìjà máa ń wà, torí òtútù àti eruku ń mú kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí ti òkè wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá ní àkókò bíréèkì. Kí ojú àwọn ọmọ kọ sí ibì kan, kí wọ́n má kọjú síra wọn.

Àpólò

Orúkọ yìí ti pẹ́. Ní 1969 ni ojú pípọ́n kan jà ní Ghana, ọdún náà gan-an tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá, orúkọ ọkọ̀ yẹn ló sì lẹ̀ mọ́ àrùn títí dòní.

Wíwo ojú ẹni tó ní in kì í ranni. Ọwọ́ ló ń gbé e. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á fọwọ́ kan náà gba bírò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ á fọwọ́ ra ojú tirẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni hánkáṣíìfù tí ọmọ méjì ń lò, tówẹ̀lì ilé, àti tìróò tí gbogbo ọmọ ilé fi ń lé ojú láti inú ìgò kan. Kí ọmọ tí ojú rẹ̀ ń ṣe ipin dúró nílé títí ipin náà yóò fi dá. Kí wọ́n fi òwú àti omi tó ti hó tó sì ti tutù nù ún, òwú kan fún ojú kan, láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ síta, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ sọ fún àwọn òbí ní gbangba pé kí wọ́n má fi ìtọ̀, omi ewé tàbí omi ọmú sí ojú ọmọ. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa oògùn ojú tí wọ́n kù nílé láti ọdún tó kọjá pẹ̀lú: àwọn kan nínú rẹ̀ lè mú kí ojú burú sí i. Bí ojú bá ń dun ọmọ gan-an, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tàbí tí kò ríran dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì tó tíṣà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọpọ́n mẹ́ta ni kí wọ́n ní: ti ọṣẹ, ti ìṣanù, àti ti omi mímọ́ ìkẹyìn. Omi kan tí wọ́n fi fọ àwo ogójì ti di ọbẹ̀. Kí oúnjẹ gbóná nígbà tí wọ́n bá ń bù ú, kí wọ́n má fọwọ́ lásán mú ẹran tàbí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti tú. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣu kò gbọdọ̀ dáná lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì yọ owó rẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìgbà tó ń bọ̀ kò ní sọ fún yín.

Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń mu píọ̀ wọ́tà: eyín ni wọ́n fi ń gé igun rẹ̀. Ara ọ̀rá yẹn ti gbé ilẹ̀, ó ti gbé orí ọmọlanke, ó ti gbé ọwọ́ ènìyàn mélòó kan. Kí wọ́n fi omi ṣan igun náà kí wọ́n tó bù ú jẹ. Bí ó bá jẹ́ omi kànga ni wọ́n ń mu, kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì máa bù ú nínú ohun tó ní táàpù. Ife kan tí gbogbo kíláàsì ń tì bọ inú garawa ló ń sọ ọmọ kan di ọgọ́ta.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan sí ọmọbìnrin 25, ọ̀kan sí ọmọkùnrin 50 pẹ̀lú ibi ìtọ̀, ni òdiwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30.

Káàdì àjẹsára

Ẹ béèrè rẹ̀ nígbà ìgbàwọlé. Abẹ́rẹ́ èèyi jẹ́ méjì ní Nàìjíríà, ti oṣù mẹ́sàn-án àti ti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti ìkejì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń pàdánù, torí àwọn ìyá ti gbà pé oṣù mẹ́sàn-án ló parí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò pé sílẹ̀, kì í ṣe láti lé wọn, bí kò ṣe láti tọ́ka wọn sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ẹ sì mọ ẹni tó wà nínú ewu jù lọ́jọ́ tí èèyi bá wọlé.

Bó bá jọ onígbá méjì

Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń dà bí omi ìrẹsì, ó lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) lójú ẹsẹ̀, bí ẹ ṣe ń wá ọkọ̀. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 50cl méjì. Kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ga. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu ju èyí tó kéré lọ. Kó máa mu díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, yálà alábọ́ọ́dé, ti ìjọba ní Asúbíaró, tàbí ti Yunifásítì Ọ̀ṣun. Kí ORS máa bá a lọ nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ìbáà jẹ́ Òṣogbo tàbí Ọlọ́rúndá. DSNO ni wọ́n ń pè é, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì kí wàhálà tó dé. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, kì í gba owó. Ẹ má kánjú ti ilé-ẹ̀kọ́ pa fúnra yín: ọmọ tí ẹ dá sílé láìsí àlàyé yóò lọ sí ọjà àti lẹ́sìnnì, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó ń ṣàìsàn mọ́. Àwọn elétò ìlera àti ti ẹ̀kọ́ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pinnu ìyẹn.

Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí lọ́jọ́ náà gan-an, kí àhesọ tó ṣáájú yín dé ọjà. Kí ó kúrú, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí àpẹẹrẹ: "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ní Pírámárì 3 ló ní Àpólò lọ́sẹ̀ yìí. Bí ojú ọmọ yín bá pọ́n tàbí tó ń ṣe ipin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró nílé, kí ẹ sì pe tíṣà rẹ̀. A ó fi iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ránṣẹ́ sí i." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń mú kí òbí gbà. Ohun tí ń mú wọn rán ọmọ aláìsàn wá ni ẹ̀rù pé yóò pàdánù ẹ̀kọ́ tàbí ìdánwò, nítorí náà ẹ sọ fún wọn pé ìdánwò tó bá fò yóò tún un ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kó tún un ṣe lóòótọ́.

Bí ọmọ tó ṣàìsàn kẹ́yìn bá ti padà, ẹ má tíì pa ìwé dé. Ó lè gbà tó ọjọ́ 21 kí èèyi tó hàn lára ẹni tó ti kó o, tí onígbá méjì kì í ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ẹ máa bá kíkà lọ títí iye ọjọ́ yẹn yóò fi kọjá láìsí ẹlòmíràn, kí ẹ tó fa ìlà sábẹ́ ojú ewé náà.